Ọ̀rá Gàrí Mẹ́jọ Lọ́nà Adágún

Ibì kan tí àwọn awakọ̀ ti máa ń dúró sinmi lórí òkè ní Colorado ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Denver, ló ń wa èmi àti ìyá rẹ̀ kiri lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀, ó ní òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ èèyàn. Èmi sọ̀ kalẹ̀. Mo fara ti irin tí wọ́n fi dábùú etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọmọ mi sì nawọ́ sí òdìkejì àfonífojì. Láàárín àwọn àpáta aláwọ̀ eérú, níbi tí igi kankan kò ti lè hù mọ́, omi kan wà níbẹ̀. Lójú wa, kò tóbi ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ. Búlúù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe búlúù ojú ọ̀run, kì í sì í ṣe ti òkun.

"Dádì, àwọn èèyàn máa ń fẹsẹ̀ rìn débẹ̀," ló wí lédè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. "Wọ́n á lọ láàárọ̀, wọ́n á sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú."

Mo bi í pé máìlì mélòó ni. Kò mọ̀. Mo bi í pé báwo ni ibẹ̀ ṣe ga tó. Kò mọ̀.

Omi ni iṣẹ́ mi. Ó lé ní ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti wà ní yàrá kan ní Maryland níbi tí a ti ń yẹ omi ẹ̀rọ wò kó tó dé ilé àwọn èèyàn. Inú ìgò tí kò gùn ju ìka lọ ni mo ti ń rí omi, lójoojúmọ́, omi tí a ti sẹ́, tí a ti da oògùn sí. Kí a tó padà dé ilé ọmọ mi, mo ti wá gbogbo rẹ̀ rí lórí fóònù. Adágún náà wà ní 11,780 ẹsẹ̀ bàtà sókè ojú òkun. Ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí wà ní 8,950. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà láàárín wọn jẹ́ máìlì 5.6, àlọ nìkan. Ìyàwó mi wo ojú mi nínú dígí mọ́tò, ó ní, "Ẹ gbà mí o. Ó ti mú nǹkan mìíràn."

Òótọ́ ló sọ. Lanham ní Maryland là ń gbé, níbi tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fẹ́ ra búrẹ́dì, mọ́tò ló máa gbé lọ. Mi ò tíì gun òkè kankan láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi kàwé nípa ìrìn orí òkè. Mo kọ́ pé lókè tó tó 11,000, atẹ́gùn tí èèyàn ń mí sínú kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tí à ń mí nílé lọ. Mo kọ́ pé lẹ́yìn ọ̀sán, òjò àti mànàmáná máa ń já bọ́ lórí àwọn òkè yẹn nígbà ooru, àti pé níbi tí kò sígi, èèyàn ló ga jù lọ ní gbogbo àyíká, òun náà ni mànàmáná máa kọ́kọ́ rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ní òfin kan: bí aago méjìlá bá lù, yálà o ti débẹ̀ tàbí o kò tíì débẹ̀, yípadà. Mo kọ́ pé ẹ̀wù òwú kò dára, torí bí ó bá mu òógùn, kì í tètè gbẹ. Èyí tí mo sì kà jù ni ti oúnjẹ. Ara tó ń gùnkè dà bí iná ìdáná: díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa kó igi sí i, kí o má jẹ́ kó kú, torí bí ó bá kú, àtidá a padà ń gba àkókò.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kàwé yìí fi sọ́kàn pé mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. A kò bá ara wa tan, ṣùgbọ́n òun ló lọ gbé mi ní pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé orílẹ̀-èdè yìí, ilé rẹ̀ ní Fort Washington ni mo sì sùn fún oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, ó fi ọdún mẹ́rìnlélógún kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Ara rẹ̀ le, ó ń rìn létí odò láràárọ̀. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́ ní Ìbàdàn, ọdọọdún ló máa ń lọ sórí òkè àdúrà, ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ, láìmu. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, mo ń fi àwòrán adágún náà han àwọn èèyàn nínú gbọ̀ngàn. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó pẹ́.

"Òkè nìyí?"

"Òkè ni, sà."

"Mo ń bọ̀."

Báyìí ló ṣe di pé àwa mẹ́ta la jọ lọ ní oṣù Keje ọdún tó tẹ̀ lé e: Ẹ̀gbọ́n, èmi àti ọmọ mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn náà, mo jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀ ọmọ mi, mo ń wọn oúnjẹ. Mo ní ìwọ̀n kékeré kan tí àwọn apẹja fi ń gbé ẹja kọ́. Mo ti pín kúlíkúlí, ẹ̀pà àti bisikí sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n jáde láti yàrá, ó dúró lé mi lórí.

"Kí lèyí?"

"Oúnjẹ ọ̀la ni, sà."

"Ọ̀la tí à ń lọ sórí òkè?" Ó rẹ́rìn-ín bí olùkọ́ tí ọmọ ti dáhùn ìbéèrè tí kò yẹ kó ṣì. "Àbúrò, ta ló ń di ẹrù oúnjẹ lọ sórí òkè? Ààwẹ̀ la ó gbà. A ó ṣínu létí omi yẹn, pẹ̀lú ọpẹ́."

Ọmọ mi wà ní kíṣìnnì, kò gbọ́. Èmi gbọ́. Mo fẹ́ sọ fún un nípa iná àti igi. Mo lanu. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ wí fún ẹni tó gbà mí sílé pé ìgbàgbọ́ òun kò bá ìwé tí mo kà mu? Bí mo bá sì jẹun tí òun kò jẹ, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó lójú ọ̀nà? Mo ní, "Kò burú, sà." Mo di oúnjẹ náà sínú báàgì wa bí ẹni pé a máa jẹ ẹ́, kí ọmọ mi má baà fura.

Èmi náà gbààwẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ ọ́ níbí kí a má baà rò pé Ẹ̀gbọ́n nìkan ló jẹ̀bi.

Máìlì mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ṣòro. Inú igbó páìnì ni, ilẹ̀ rọ̀, ẹyẹ ń ké. Bí ọmọ mi bá ní kí a dúró jẹun, àwa méjèèjì á ní a ti jẹ. Ní máìlì kẹrin, orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi lẹ́yìn ojú. Ẹ̀gbọ́n kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ní máìlì 4.7, ó jókòó sórí àpáta, ó ní kí a jẹ́ kí òun sinmi díẹ̀, ó sì bì. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó lè bì, omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bíi ti òróòro lásán ni. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti dì í mú, ilẹ̀ yí mọ́ mi lójú, èmi náà sì jókòó láìròtẹ́lẹ̀.

Ọmọ mi tú báàgì mi láti wá ṣúgà. Ó rí oúnjẹ náà, gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe dì í.

"Dádì, ẹ ò tíì jẹ nǹkan kan?"

Ó tú ti Ẹ̀gbọ́n.

"Ọ́ńkù náà?"

"Ààwẹ̀ ni," ni mo wí.

Lẹ́yìn náà ló fún wa ní omi tó pò pọ̀ mọ́ ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń bọ́ ọmọ ìkókó. Ó kó ẹrù àwa méjèèjì sórí tirẹ̀. Ó sì mú wa sọ̀ kalẹ̀. Ó ku máìlì 0.9 kí a dé adágún. Títí a fi dé inú mọ́tò, kò bá wa sọ̀rọ̀ ju "ẹ rọra" àti "ẹ mu omi" lọ. Inú mọ́tò ló ti sọ èyí tó wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ kí n gbé òkú yín sọ̀ kalẹ̀. Kí n wá sọ fún Mọ́mì pé kí ni?"

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, lórí fóònù, ó gbà pé òun á tún mú wa lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan péré, ní ọdún tó ń bọ̀, torí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn lẹ́yìn ìgbà ooru yẹn. Àdéhùn méjì ló fi lélẹ̀: a gbọ́dọ̀ jẹun, aago méjìlá ni a ó sì yípadà láìsí àríyànjiyàn. Bí a kò bá débẹ̀ lọ́dún yẹn, ó parí. Mo mọ ara mi: orúnkún mi ọ̀tún ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, mi ò sì ní bá ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ló kù fún mi láti dé ibi omi yẹn.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti yí Ẹ̀gbọ́n lọ́kàn padà. Mi ò lè jiyàn ìgbàgbọ́ pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò ni. Nígbà tí mo jàjà sọ ohun tí mo kà nípa oúnjẹ fún un, ó ní, "Ìwé lo kà. Ẹ̀rí dà?"

Nítorí náà, a wá ẹ̀rí. Ilẹ̀ tiwa kò lókè, ẹni tó bá ti gbé Prince George's, ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Maryland, rí á mọ̀. Ṣùgbọ́n nítòsí ilé Ẹ̀gbọ́n, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà tó ti etí odò Potomac gòkè. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin láti etí omi dé òkè. Bí a bá gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, a ti gun ìwọ̀n òkè Colorado. A gbé omi gálọ́ọ̀nù méjì-méjì sínú báàgì, pọ́ùn 16.7 gẹ́lẹ́, a ń gòkè, a ń sọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kejì tí a ń ṣe é, ìyá àgbàlagbà kan tó ń rìn fún ìlera dúró, ó gbọ́ tí à ń sọ Yorùbá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló sọnù lọ́wọ́ yín? Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá a."

"Kò sí ohun tó sọnù, mà," ni mo wí. "Òkè là ń gùn."

Ó wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà látòkè délẹ̀. "Èwo ni òkè níbí?"

Ìdánwò náà rí báyìí. Sátidé kan, Ẹ̀gbọ́n gbààwẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, ó sì gùn ún fún wákàtí méjì ààbọ̀. Sátidé kejì, ó jẹun láàárọ̀, ó sì ń jẹ díẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta-márùndínláàádọ́ta, fún wákàtí méjì ààbọ̀ kan náà. Pẹ̀lú ààwẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Pẹ̀lú oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fa ìlà sí i lábẹ́.

Lẹ́yìn tó ti wò ó tán, ó sọ ohun kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Ó ní lórí òkè àdúrà tí òun máa ń lọ, ìrìn ibẹ̀ kò ju ìdajì wákàtí lọ. Bí wọ́n bá ti gòkè, wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á jókòó tì í. "Jíjókòó là ń gbààwẹ̀ sí. Èyí tìẹ yìí, iṣẹ́ oko ni. Mi ò tíì rí àgbẹ̀ tó gbààwẹ̀ lọ kọ ebè."

"Ẹ gbà nìyẹn, sà?"

"Mo gbà."

Ìyẹn dùn mọ́ mi débi pé odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi yan oúnjẹ. Mo wọn oríṣi mọ́kànlá. Gàrí ló gbégbá orókè: ó fúyẹ́, kì í bàjẹ́, kò sì nílò iná. Lókè yẹn, omi máa ń hó kó tó gbóná tán, torí náà ìrẹsì á lọ́ra àtijinná, ṣùgbọ́n gàrí kò bìkítà, omi tútù ló fẹ́. Mo po gàrí, ẹ̀pà lílọ̀, mílíìkì oníyẹ̀fun àti ṣúgà pọ̀, gíráàmù márùndínláàádọ́rùn-ún nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá mẹ́jọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èèyàn á da omi sínú ọ̀rá, á pò ó, á gé igun rẹ̀, á fà á mu. Ọmọ mi tọ́ ọ wò, ó ní kò burú. Lẹ́nu ọmọ mi, oríyìn ńlá nìyẹn.

Oṣù Keje tún dé. A dé Denver lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú kí ara wa lè mọ́ atẹ́gùn ibẹ̀ lára. Lọ́jọ́ ìrìn, aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú la kúrò nídìí mọ́tò. Ọmọ mi ló ṣíwájú, èmi ni mo tẹ̀ lé e, Ẹ̀gbọ́n ló gbẹ̀yìn, torí ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa mí sí òun lọ́rùn. Ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta-márùndínláàádọ́ta, aago ọwọ́ mi á ké, a ó dúró, èmi àti ọmọ mi á fa gàrí wa. Ẹ̀gbọ́n á jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn, á kọjú sí àfonífojì. Mo máa ń bojú wẹ̀yìn, mo ń rí i tí ẹnu rẹ̀ ń lọ.

Ìrìn wa dára ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. A kọjá ibi tí Ẹ̀gbọ́n ti bì, ó sì na ọ̀pá rẹ̀ sí àpáta náà, ó ní, "Ìwọ, mo rí ọ." Igi tán. Ẹranko kan tó jọ òyà yọjú láàárín òkúta, ó súfèé sí wa, ó wọlé padà. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń sún mọ́ máìlì márùn-ún, ìgbésẹ̀ Ẹ̀gbọ́n ń kúrú sí i. Níbi tí òkúta ńláńlá ti bẹ̀rẹ̀, tí èèyàn gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ di mú, ó tàsé, ó fi orúnkún kanlẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ni. A wà ní máìlì 4.9. Ó ku máìlì 0.7 àti ẹsẹ̀ bàtà 610 sókè.

Mo bọ́ báàgì rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kó lè sinmi. Bí mo ṣe gbé e, ọwọ́ mi mọ̀. Ó yẹ kó ti fúyẹ́ gan-an. Mo ṣí i. Ọ̀rá gàrí mẹ́jọ, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, gbígbẹ, bí mo ṣe dì wọ́n ní pálọ̀.

Omi nìkan ló ti ń mu. Ẹnu rẹ̀ tó ń lọ, kì í ṣe oúnjẹ ló wà níbẹ̀. Àdúrà ló ń gbà.

Ọmọ mi rí ọ̀rá náà lọ́wọ́ mi. Kò bínú bíi ti àkọ́kọ́. Ó kàn wo aago, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká padà." Ohùn rẹ̀ tutù. Ó sì tọ̀nà, àdéhùn ni.

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, "ẹ sọ pé ẹ gbà."

"Mo gbà. Orí mi gbà." Ó ń mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. "Mo jí láàárọ̀ yìí, mo gbé gàrí yẹn lọ́wọ́, ọkàn mi ò lè balẹ̀. Láti ogójì ọdún ó lé, mi ò jẹun gòkè rí. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wọ bàtà wọ inú ilé Ọlọ́run lọ́dọ̀ àwọn tí kì í wọ bàtà. Ẹ máa lọ, èmi á dúró dè yín níbí."

"A ò lè fi yín sílẹ̀, sà."

"Nígbà náà, jẹ́ ká máa lọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò lè lọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Ṣé ìwọ ni dókítà mi ni?"

Lọ́dún tó kọjá, ibi tí mo ti máa ń dákẹ́ nìyẹn. Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan tó lè ju tirẹ̀ lọ, ọjọ́ orí ni, oore tó ṣe fún mi náà ni. Ohun kan ṣoṣo ni ọmọdé lè ṣe fún àgbà tí kò fẹ́ gbọ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Lórí òkúta mímú, ní 11,170 ẹsẹ̀ bàtà sókè ojú òkun, pẹ̀lú báàgì mi lẹ́yìn, mo na ara mi gbalaja níwájú rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe? Dìde!"

"Mi ò dìde, sà. Àfi bí ẹ bá jẹun."

"O fẹ́ kí n já ààwẹ̀ lórí òkè?"

"Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà lọ́rùn mi."

"Ọrùn rẹ dà? Báàgì ti bò ó."

Òyìnbó méjì, ọkùnrin àti obìnrin, ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Wọ́n dúró. Obìnrin náà béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi bóyá mo ti fara pa, bóyá kí wọ́n pe àwọn adóòlà. Ọmọ mi ní rárá, ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Nígbà tí wọ́n kọjá tán, ó wò mí nílẹ̀ níbi tí mo wà, ó wo Ẹ̀gbọ́n, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, eékún méjèèjì, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti kékeré, tí òun sì máa ń ráhùn bó bá ń ṣe é.

"Ọ́ńkù," ló wí, ní Yorùbá, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun. Mo fẹ́ rí omi yẹn pẹ̀lú yín."

Ẹ̀gbọ́n wo àwa méjèèjì. Ó gbójú sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní èémí tó.

"Ọlọ́run, Ìwọ náà rí ohun tí wọ́n ń fojú mi rí. Ẹ dìde, ẹ dìde. Mú gàrí wá."

Mo ti ń gé ọ̀rá kó tó parí ọ̀rọ̀. Ó gba omi, ó pò ó, ó sì gbé e dání.

"Ó dọwọ́ àdúrà. Èèyàn kì í ṣínu ààwẹ̀ bí ẹni tó ń jalè."

Ó di ojú. Ó dúpẹ́ fún òkè, fún ẹsẹ̀, fún àwọn àpáta. Ó dúpẹ́ fún ọmọ mi, ó gbàdúrà ọkọ rere fún un, ọmọ mi yínmú kó tó ní "Àmín". Ó dúpẹ́ fún ìjọba ìbílẹ̀ wa. Mo la ojú kan, mo wo aago: ó ti di ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo sọ pé "Àmín" sókè gan-an, nírètí pé ó máa gbọ́ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ó gbọ́.

Ó mu ọ̀rá mẹ́ta, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwọ̀ padà sí ojú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tan iná. Mo pín ẹrù rẹ̀ sáàárín èmi àti ọmọ mi. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjì la gbéra. Ìṣirò mi sọ pé a nílò ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta. Ìyẹn fi ìṣẹ́jú mẹ́fà sílẹ̀, kò sì sí àyè fún àṣìṣe kankan. Mo sọ ọ́ fún wọn. Ọmọ mi ní bí aago méjìlá bá lù nígbà tó ku ẹsẹ̀ mẹ́wàá, a ó yípadà. Mo ní mo gbà. Mo sì gbà lóòótọ́.

Mi ò rántí púpọ̀ nínú ìrìn yẹn. Mo rántí òkúta kan tó mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo rántí yìnyín àtijọ́ tó dọ̀tí, tó gùn tó ogójì ìṣísẹ̀, tí ọmọ mi fi bàtà gbẹ́ ibi ẹsẹ̀ sí fún wa. Mo rántí pé Ẹ̀gbọ́n ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ sókè, ní ogún-ogún, bí ó ṣe máa ń kà á fún àwọn ọmọ nínú kíláàsì, bí ó bá sì ti dé ogún, á mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọsánmà funfun kan ti ń wú bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn. Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lójijì, kò sì sí ibi gíga mọ́ níwájú wa. Omi ni.

Ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Mo lè yí i ká láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Létí, ó mọ́ gaara débi pé mo ń ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láàárín, níbi tó jìn, ni búlúù náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti ìwọ̀n ìgbóná bọ̀ ọ́: digíríì mẹ́rìndínláàádọ́ta lórí Fahrenheit, ìwọ̀n àwọn ará ibí, a ò lè fi ọwọ́ sínú rẹ̀ ju kíka ogún lọ. Ẹ̀gbọ́n jókòó létí omi, ó mu ọ̀rá gàrí kẹrin. Ọmọ mi ya àwòrán ẹyọ kan. Ó ní, "Dádì, ìṣẹ́jú méjì ló kù." Nígbà tó pé, a dìde, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ààrá kọ́kọ́ sán nígbà tí a ti wà lábẹ́ igi.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ ọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, èmi ni mò ń pè é fún un. Máìlì mọ́kànlá àti ìdá méjì nínú mẹ́wàá. Àlọ, wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n; a dé etí omi nígbà tí aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Àbọ̀, wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú méje. Èèyàn mẹ́ta ló lọ, èèyàn mẹ́ta ló dé ibi omi. Àpapọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tí a fi jókòó létí adágún: wákàtí mẹ́wàá àti ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta.